Ìgò Aláàfíà Kìíní

                                        Yàrá Kejìlá, Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwádìí Àrùn,
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé ara le? Bọ̀dá mi, ọkọ yín ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ìyáàfin Ìbéèrè ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí àwọn tíṣà rẹ̀ sinmi? Nígbà tí mo wá kẹ́yìn, ó bi mí pé ta ló kọ́ ẹja ní wíwẹ̀, mo ṣì ń wá ìdáhùn káàkiri. Ẹ bá mi kí àwọn oníbàárà yín náà, pàápàá ìyá tó máa ń ní aṣọ òun ò tíì balẹ̀ tó, tí ẹ máa ń fi aṣọ rẹ̀ kọ́ ògiri fún ọjọ́ méjì láìfọwọ́ kàn án, tí á sì ní ó ti wá dára wàyí.

Tèmi, mo wà. Mi ò ní sọ pé mo wà dáadáa, nítorí láti kékeré lẹ ti máa ń mọ̀ bí mo bá purọ́, ẹ ní imú mi ló máa ń tú mi fó. Lẹ́tà kò ní imú, àmọ́ ìwé kẹrin rèé tí mo ń kọ, mo ti fa mẹ́ta ya. Mo rò ó kí n fi fóònù pè yín, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ohùn yín, ẹkún ló máa gbà mí lẹ́nu, ẹ̀yin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ mí lẹ́kún, a ò sì ní sọ ohun tó yẹ ká sọ. Ẹ jọ̀ọ́, bí abẹ́rẹ́ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ wá ibì kan jókòó sí. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ náà kan àìsàn ọrùn tó pa Màámi, ó sì kan yín.

Ẹ mọ̀ pé yàrá wa ń ṣe ìwádìí lórí àwọn ìdílé mélòó kan tí kókó máa ń yọ sí lọ́fun, tó sì máa ń di jẹjẹrẹ. Àbùdá là ń yẹ̀ wò, ohun tí àwọn dókítà ń pè ní jíìnì, tí bàbá àti ìyá fi ń fún ọmọ ní imú wọn àti ìrìn wọn. Méjì-méjì ló máa ń wà, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nínú àwọn ìdílé yìí, àṣìkọ kékeré kan wà nínú ọ̀kan, ó sì ti tó láti ba ọ̀fun jẹ́ bó pẹ́ bó yá. Ohun tí a fi ń rí àṣìkọ náà ni ẹ́ńsáìmù. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ fi í ṣe sísọ́ọ̀sì. Ojú ibì kan ṣoṣo ló ń gé, bí ẹ ṣe ń tẹ̀lé ìlà ṣọ́ọ̀kì. Bí àṣìkọ bá wà níbẹ̀, sísọ́ọ̀sì ò rí ìlà tẹ̀lé, kò sì ní gé e. Lẹ́yìn náà, a ó ya fọ́tò ohun tó gé àti ohun tí kò gé. Ẹni tí jíìnì rẹ̀ dára, ìlà méjì la máa rí fún un, nítorí gígé ti sọ ọ́ di ègé méjì. Ẹni tó ní àṣìkọ, ìlà mẹ́ta, nítorí èyí tí kò gé á gùn gbọọrọ lókè àwọn tó kù.

Kí a tó gba fọ́tò náà gbọ́, a gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn aláìsàn, kí a lè fi wé e. Ta la ó tún máa wá kiri? Àwa òṣìṣẹ́ la máa ń na apá. Ọ̀gá wa, obìnrin tó máa ń gba orí awò ojú rẹ̀ wo èèyàn dípò kó gba inú rẹ̀ wò ó, ló ṣòfin pé a ò gbọdọ̀ kọ orúkọ sára irú ìgò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò ṣàìsàn kò nílò orúkọ. Ẹ̀rín ni gbogbo wa fi gba òfin náà.

Ẹ rántí ìsinmi ọdún tó kọjá, nígbà tí mo gbé abẹ́rẹ́ àti ìgò wá sí ṣọ́ọ̀bù yín nínú kúlà. Mo ní kí ẹ fún mi ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kún tàwọn aláàfíà wa, ẹ ní ṣé mo ti wá di ẹ̀fọn ni. Nítorí pé ẹ ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́, ẹ̀yin tí abẹ́rẹ́ ń bọ́, mo kọ́kọ́ fa tèmi lójú yín. Téèpù tí ẹ fi ń wọn aṣọ lẹ bá mi so mọ́ apá. Lẹ́yìn náà mo fa tiyín, ẹ sì di ojú pa títí mo fi ní ó ti tán. Mo kọ Aláàfíà Kìíní sára ìgò kan, mo kọ Aláàfíà Kejì sára èkejì. Mi ò kọ èyí tó jẹ́ ti ta ni sínú ìwé kankan. Báwo ni mo ṣe máa gbàgbé? Bí mo ṣe wí nìyẹn, èmi olórí pípé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo gbé fọ́tò jáde. Àwọn aláìsàn, ìlà mẹ́ta-mẹ́ta, bó ṣe yẹ. Aláàfíà Kejì, ìlà méjì. Aláàfíà Kìíní, ìlà mẹ́ta. Yìnyín, ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn fíríìsà wa, wò ó lẹ́yìn mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti da ẹ̀jẹ̀ aláìsàn mọ́ ti aláàfíà, kí n lọ fọwọ́, kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Mẹ́ta ni. Mo pààrọ̀ ẹ́ńsáìmù, mo pààrọ̀ omi, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Mẹ́ta náà ni. Yìnyín kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀gá wa dé, wọ́n gba orí awò wò mí, wọ́n ní, “Ẹ̀jẹ̀ ta ni Kìíní?”

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀ ni. Tèmi ni mo kọ́kọ́ fà, nítorí náà ó yẹ kí Kìíní jẹ́ tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ mọ irú ilé tí a ti wá. Ṣé èmi tí ẹ ò jẹ́ kí n bu omi mu ṣáájú àgbà rí, ṣé mo lè kọ Kìíní sára ìgò tèmi kí n kọ Kejì sára ti ẹ̀gbọ́n mi? Mo jókòó sórí àga gíga ibiṣẹ́ wa, mò ń gbìyànjú láti rí ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà, bó ṣe mú bírò, ìgò wo ló kọ́kọ́ mú. Mi ò rí nǹkan kan. Ohun tí mò ń rí ni téèpù yín tó so mọ́ mi lápá.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ronú nípa Màámi. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n lọ, kò sí púpọ̀ tí mo rántí, ṣùgbọ́n mo rántí ìborùn tí wọ́n máa ń so mọ́ ọrùn lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n á ní òtútù ló ń mú àwọn. Ẹ̀yin ọmọ ọdún méjìdínlógún lẹ máa ń bá wọn tú u bí alẹ́ bá lẹ́. Gbogbo èèyàn ní ẹrù tí wọ́n rù jù ló mú ọrùn wọn wú. Ìgbà tí dókítà fi máa rí i, ó ti kọjá ọ̀fun. Ọdún yẹn náà lẹ fi ilé ìwé sílẹ̀ tí ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ, kí èmi lè lọ sílé ìwé, kí n lè wá di ẹni tó ń ya fọ́tò ẹ̀jẹ̀.

Mo wá rántí lẹ́tà yín ti oṣù tó kọjá. Ẹ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní sísanra ti wá ń bá yín láti ọrùn, pé ẹ ti tú kọ́là aṣọ búlúù yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì ti gbé bọ́tìnì rẹ̀ kúrò níbi tó wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rẹ́rìn-ín. Mo tún un kà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo sì ń padà sórí kọ́là náà ṣáá.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Odindi ọjọ́ mọ́kànlá ni Ọ̀gá fi ń sọ pé kí n wá fa ẹ̀jẹ̀ mi tuntun, tí mò ń sá. Lónìí mo ní orí ń fọ́ mi, lọ́la mo ní iṣẹ́ pọ̀. Mò ń gbé itọ́ mì ṣáá, mò ń fi ìka tẹ ọ̀fun mi níwájú dígí tó wà lókè ibi tí a ti ń fọwọ́, títí àwọn ará ibiṣẹ́ fi ń bi mí bóyá eegun ẹja ló há mi. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní, “Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ èmi.” Kí n tó ṣe àmín ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ìgò méjì péré ló wà. Bí kò bá jẹ́ èmi, ta ni? Mo yára yí àdúrà náà padà, mo ní kó jẹ́ èmi. Ẹ má bínú sí mi. Ẹnu lásán ló sọ ọ́, ọkàn mi ò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyẹn ọjọ́ tí kò sẹ́ni níbiṣẹ́, Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí. Àwọn àti Yìnyín nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ bá mi wí gan-an pé mo fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́, tí kò fọwọ́ síwèé, wọ́n sì tọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀, èyí tí mi ò rí wọn kí wọ́n ṣe rí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Na apá.” Yìnyín ló fà á.

Àná, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fọ́tò náà jáde. Ìlà méjì.

Mo kà á, mo tún un kà. Mo jáde wọ yàrá ìkẹ́rùsí, mo kúnlẹ̀ sáàárín àwọn páálí ìbọ̀wọ́, mo ní, “Ọpẹ́ o, Olúwa, ọpẹ́ o.” Mo sọ ọ́ tó bí ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí n tó gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀gbọ́n mi, mo dúpẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí, ẹ̀yin tí ẹ fi ìwé yín sílẹ̀ nítorí mi, kí n tó rántí yín, mo ti dúpẹ́. Ìgò Kìíní, tiyín ni. Ẹ̀kọ́ ilé tí ẹ fún mi ló kọ ọ́ síbẹ̀. Mo fi àgbà ṣáájú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde. Ọ̀gá ní kí n sọ fún yín pé jíìnì la rí, a ò tíì rí àrùn. Bí ọ̀fun bá ti ń bàjẹ́, họ́mónù kan, ìyẹn kẹ́míkà tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, wà tó máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, òun ni wọ́n fẹ́ wọ̀n. Bí ó bá ṣì kéré, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n á yọ ẹṣẹ́, ẹran kékeré tó ń ṣe họ́mónù lọ́fun, kúrò pátápátá, ẹ ó sì máa lo oògùn kékeré kan láràárọ̀ dípò họ́mónù mìíràn tí ara nílò, tí ẹṣẹ́ náà ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ obìnrin tó ti lò ó fún ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ṣì ń bá àwọn ọmọọmọ rẹ̀ jà. Àǹfààní tí Màámi ò rí nìyẹn. Ọ̀gá fúnra wọn ti kọ̀wé sí dókítà, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ní kí ẹ wá.

Ẹ mú Ìyáàfin Ìbéèrè dání. Ó ṣeé ṣe kó gba jíìnì náà lọ́wọ́ yín, ó sì ṣeé ṣe kó má gbà á, ìdajì-ìdajì ni. Ó máa bi mí ní ìbéèrè, mo sì ń bẹ̀rù ìbéèrè ọmọ náà ju ti gbogbo dókítà lọ. Mò ń bẹ̀rù ọ̀bẹ. Mò ń bẹ̀rù ojú tí ẹ máa fi wò mí. Mò ń bẹ̀rù pé ẹ máa ní iṣẹ́ oníbàárà pọ̀ lọ́wọ́ yín, pé ẹ ó wá lẹ́yìn tí ẹ bá parí rẹ̀, nítorí mo mọ̀ yín. Ẹ má ṣe parí rẹ̀. Ìyá tí aṣọ rẹ̀ kì í balẹ̀ lè dúró. Kí ẹ sì má tún kọ́là yẹn tú mọ́. Bó ṣe wà ni kí ẹ wọ̀ ọ́ wá, kí dókítà rí i.

Ẹ kí Bọ̀dá mi, ẹ fún wọn ní lẹ́tà yìí kí wọ́n kà á, ẹ má fi pamọ́ fún wọn bí Màámi ṣe fi ìborùn pa tiwọn mọ́. Yìnyín ní kí n kí yín. Kò mọ̀ yín rí, ṣùgbọ́n ó ti gbé ìgò yín sí igun tó dára jù nínú fíríìsà, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ orúkọ yín sára rẹ̀, gàdàgbà, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Màá dúró dè yín ní ibùdókọ̀ láti aago méje àárọ̀ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó mọ́. Ọpẹ́ tí mo dá nínú yàrá ìkẹ́rùsí yẹn, mo ti gbìyànjú láti gbà á padà, kò ṣeé gbà padà. Ẹ wá, kí n lè rí òmíràn dá.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
                                        Ẹ̀fọn.