Bàbá Mi, Mo Ti Yan Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tí Ẹ Kò Fẹ́

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta tó ti wá di oṣù kan. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ìyá mi, ẹ kú àdúrótì wa. Ìyá Àgbà ní Iléṣà, mo kí yín o, ẹ̀yin aláró tí ẹ tọ́ mi títí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Bàbá, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Láti oṣù tó kọjá ni ẹ kò ti gbé fóònù mi mọ́. Ìyá mi ní bí ẹ bá ti rí orúkọ mi, ńṣe lẹ máa ń da fóònù dojú délẹ̀ lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí àwọn oníbàárà tó dé ṣọ́ọ̀bù òògùn yín ní Alekuwodo, ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn yìí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ olóòtú. Omi ti mù mí dé ọrùn.

Ó di ọdún méjì tí mo ti wà lọ́dọ̀ Àǹtí, àbúrò ìyá mi, ní Amẹ́ríkà níbí. Òtútù ibí kò tíì mọ́ mi lára. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, mo máa ń lọ fọ abọ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó; omi gbígbóná ibẹ̀ nìkan ló ń yọ òtútù kúrò ní ìka mi. Bí mo bá ń rìn bọ̀ nínú yìnyín, kò sẹ́ni tó ń kí mi pé mo kú ìrìn.

Ẹ mọ̀ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì ló gbà mí. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì fẹ́ kọ́ mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni. Yunifásítì kéékèèké ni wọ́n, irú ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè kọ́ kẹ́mísìrì láàárọ̀, kó kọ́ orin lọ́sàn-án. Àkọ́kọ́, èyí tí ẹ̀yin fẹ́, kò jìnnà sílé Àǹtí, àwọn tó jáde níbẹ̀ sì ń di dókítà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì máa pọ̀ débi pé mi ò ní ráyè fọwọ́ kan ọnà, tàbí dùùrù tí ẹ̀yin fúnra yín ní kí wọ́n kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, títí di ọdún kẹta. Èkejì jìnnà, ìrìn wákàtí mẹ́sàn-án nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo lọ wò ó, obìnrin olùkọ́ kan mú mi wọ yàrá kan, mo sì gbọ́ òórùn aró kí n tó rí i. Aró gidi, Bàbá! Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ kẹ́mísìrì ni yàrá náà wà. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, obìnrin náà rò pé nǹkan ló ta mí.

Mo ṣì kéré nígbà tí mo bi yín ní ìdí tí aṣọ Ìyá Àgbà fi ń jáde nínú ìkòkò aró ní àwọ̀ ewé, kó tó wá dúdú lójú wa. Ẹ jókòó tì mí, ẹ ní afẹ́fẹ́ ló ń bá aró náà ṣe é. Láti ọjọ́ náà, mi ò mọ ibi tí kẹ́mísìrì parí sí àti ibi tí aró ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún yín pé èkejì ló wù mí, ẹ ní Ìjẹ̀ṣà kì í rán ọmọ lọ sókè òkun kó lọ máa rẹ aṣọ. Pé bí mo bá lọ síbẹ̀, kí n má pè yín ní bàbá mọ́. Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Bọ̀ọ̀dá Délé, àbúrò yín, fi yunifásítì sílẹ̀ nítorí àwòrán kíkùn, àwọn àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò rà sì kún yàrá rẹ̀ ní Ọ̀fàtẹ̀dó lọ́jọ́ tó kú. Ẹ̀yin lẹ kó wọn jáde. Mo rí ojú yín lọ́jọ́ náà.

Àǹtí ní kí n má ba òun lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀rù bà mí, mo kọ̀wé sí àkọ́kọ́ pé mo gbà. Ẹ ò bá rí mi lọ́sẹ̀ yẹn! Mo ń fọ abọ́ kan ṣoṣo títí alásè fi gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní ṣé ẹnìkan kú nílé wa ni. Ó jọ mí pé bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá olùkọ́ tó ń gbà wá nímọ̀ràn, ó ní mo ṣì lè yí i padà bí kò bá tíì kọjá ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́bọ̀ ni mo yí i padà. Èkejì ni mò ń lọ, Bàbá. Láti ìgbà náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí Àǹtí, orí ló fi ń dá mi lóhùn.

Mi ò sọ pé mo gbọ́n jù yín lọ. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ jàre. Bí mo bá ṣubú, mi ò ní di ẹ̀bi rù yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa lọ bí ọmọ tí kò ní bàbá. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣàánú mi. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, màá pè. Bí ẹ kò bá ní ọ̀rọ̀ kankan láti bá mi sọ, ẹ ṣáà gbé e. Kí n ṣáà gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí.

Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi kí wọ́n má sunkún mọ́. Ẹ kí Ìyá Àgbà, ẹ kí àwọn ará àdúgbò wa ní Dàda Estate àti gbogbo ẹbí ní Iléṣà. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, kò ní jẹ́ kí ikú ya wá kí inú yín tó yọ́ sí mi. Àmín.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀,
Adérónkẹ́.