Gé Gbogbo Ibi tí Ẹnikẹ́ni Kò ti Sọ̀rọ̀

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà
Ọ̀gá Thelma (Kíákíá ni mò ń pè é, nínú ìwé yìí nìkan o) fẹ́ kí ìwé ìlò Onígbàjámọ̀ parí lọ́sẹ̀ yìí. Onígbàjámọ̀ ni mo sọ irinṣẹ́ wa: ó ń gé fídíò, ó ń tò ó, ó ń fi orin sí i, ènìyàn kò ní fọwọ́ kàn án. Àwọn aṣojú AI ló ń lò ó. Ohun tí mo bá kọ ni wọ́n ń ṣe.

Mo kọ àpẹẹrẹ ti ìgbéyàwó lónìí. "Gé gbogbo ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀." Ó kúrú, ó mọ́. Inú mi dùn sí i.

Ọjọ́bọ̀, 5
Manong Ensoy (ẹ̀gbọ́n là ń pè ní manong) yà sọ́dọ̀ mi. Òun ló ń gé fídíò ìgbéyàwó káàkiri Iloilo, ìlú wa ní Philippines — èyí tí wọ́n yà láàárọ̀ gbọ́dọ̀ hàn kí àlejò tó jẹun tán lálẹ́, òógùn a sì bò ó. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní kó fi Onígbàjámọ̀ dán ìgbéyàwó Liezl wò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni Liezl.

Ó ní, "Jove, ṣé kí n kàn fi sílẹ̀ fún un bó o ṣe kọ ọ́?"
Mo ní kó má fọwọ́ kàn án rárá, kó jókòó jẹun bí àlejò.
Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ìgbéyàwó tí mo ti lọ, mi ò tíì jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbóná rí!"

Àbámẹ́ta, 7
Ojú tì mí. Ojú tì mí gan-an.

Fídíò náà hàn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lola Ising kò sí nínú rẹ̀. Ìyá àgbà wa, tó tọ́ Liezl láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ní Kuwait! Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn wọn. Àwọn ló bá Liezl tún ìbòjú rẹ̀ ṣe láàárọ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú — láìsọ̀rọ̀. Onígbàjámọ̀ gé gbogbo rẹ̀. A rán an níṣẹ́ ẹrú, kò mọ bí a ti í fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Iwájú pátápátá ni wọ́n ti àga Lola sí. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo wà. Wọ́n ń wo ara ògiri tí fídíò ti ń hàn títí iná fi tàn. Liezl ń sunkún, kì í ṣe ti ayọ̀.

Àǹtí Nena, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Lola, kọjú sí Manong Ensoy. "Ensoy, ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Ìyá tó tọ́ ọmọ, lo gé dànù bí èékánná!" Ẹran ṣì wà lẹ́nu Manong. Ó wò mí. Mo wolẹ̀.

Àìkú, 8
N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ajé, 9
Mo sọ fún Kíákíá pé gbólóhùn mi ló fà á. Ó ní, "Ta ló bi ẹ́? Tún un kọ, ká máa lọ. Àwọn oníbàárà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì."

Mo tún un kọ. "Má ṣe yọ ẹbí kankan kúrò nítorí pé kò sọ̀rọ̀. Kí ẹni tó ń lò ó wo fídíò náà tán kó tó gbé e síta." Ti àtijọ́ parẹ́, bí ẹni pé kò sí rí. Màá pe Manong lọ́la.

Ọjọ́rú, 11
N kò pè é. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní kó lọ "sinmi" títí àsìkò ìgbéyàwó yóò fi kọjá. Ìsinmi tí ebi wà nínú rẹ̀. Ojo ni mí.

Ẹtì, 13
Àwọn oníbàárà yin ìwé ìlò mi. Kíákíá ra batchoy, núdùlù olómi gbígbóná, fún gbogbo wa. Mo gbé tèmi fún ẹlòmíràn.

Àbámẹ́ta, 14
Manong Ensoy ló pè. Ì bá tiẹ̀ bú mi!

"Jove, mo tún ìwé yẹn kà. Ó wà níbẹ̀ gbangba: kí n má yọ ẹbí, kí n wò ó kó tó jáde. Àṣé ẹran ló fa ojú mi mọ́ra. Àgbà ti ń dé, mo ti ń kàwé mò ń fò ó. Má bínú, mo ba iṣẹ́ ẹ jẹ́ lójú àwọn èèyàn ẹ." Ó ní òun á gbé máńgòrò lọ bẹ Lola lọ́la.
Mo ní, "Manong..."
Ó ní, "Má sọ nǹkan kan. Ọmọ dáadáa ni ẹ́."

Mo nu ẹ̀bi mi kúrò, mo fi pa á lára.

Àìkú, 15
Manong ti dé ilé Lola ṣáájú mi. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo bá a, ọwọ́ Lola níwájú orí rẹ̀, bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nílé wa. "Oúnjẹ ló gbà mí lọ́kàn, Lola, ẹ foríjì mí." Liezl wà ńbẹ̀; Àǹtí Nena káwọ́ lẹ́rán.

N kò tíì bọ́ bàtà tán. Mo ní, "Manong ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo kọ ọ́ pé kí Onígbàjámọ̀ gé ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Nígbà tó bàjẹ́ tán ni mo lọ tún un kọ, mo sì panu mọ́."

Lola na ọwọ́ sí mi, mo gbé e kan iwájú orí mi, ẹkún gbọ̀n mí.

Manong dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀. Ó béèrè ọjọ́ tí mo tún un kọ. Mo ní ọjọ́ Ajé.
Ó ní, "Àná ni mo pè ẹ́, tí mo ń bẹ̀ ẹ́."

Ó gbé akoto ọ̀kadà rẹ̀. Ó dágbére fún Lola, fún Liezl, fún Àǹtí Nena pàápàá tó bú u. Kò dágbére fún mi.