Bàbá Tó Yí Ọwọ́ Ọmọ Padà: Ìgbésí Ayé Olóògbé Samson Àlàní Dúródọlá (1947–2009)

Agbo ilé Dúródọlá ní Ìlaró ni wọ́n bí Bàbá wa sí, ní oṣù kẹta ọdún 1947. Pa Ezekiel tó jẹ́ káfíńtà ni bàbá wọn, Ìyá Wúràọlá aláró sì ni ìyá wọn.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ gírámà, wọ́n wá sí Berlin ní Jámánì ní ọdún 1971 láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nítòsí yàrá wọn ní àdúgbò Schöneberg, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà máa ń ṣeré bésíbọ́ọ̀lù: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn á fi igi gbá a, á sì sáré. Bàbá kọ́kọ́ ń wòran. Nígbà tó yá, Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí bá wọn ṣeré.

Ní 1976, wọ́n fẹ́ Ìyáàfin Ìbíwùmí, nọ́ọ̀sì láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọlọ́run fi Phoebe àti Adéọpẹ́ ta wọ́n lọ́rẹ. Ní 1994, iṣẹ́ gbé ìdílé wa lọ sí Harburg ní Hamburg. Ibẹ̀ ni Bàbá ti di alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, ọ̀dọ̀ wọn ló máa ń sùn títí yóò fi rí yàrá.

Ní 2002, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kan ní Berlin gba Adéọpẹ́, tó kọ́ eré náà lọ́dọ̀ Bàbá, síṣẹ́. Ní sáà 2003, kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù karùn-ún 2004, bọ́ọ̀lù bà á lójú òsì. Ojú náà kò fọ́, ṣùgbọ́n kò ríran kedere mọ́. Ẹgbẹ́ náà dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Adéọpẹ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́rí nínú yàrá rẹ̀ ní Kreuzberg, ní Berlin.

Bàbá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Hamburg lọ bá a.

“Apá ọ̀tún lo fi ń gbá, ojú òsì ló sì ń ṣáájú,” ni wọ́n wí. “Bọ́ sí òdìkejì, kí o máa fi apá òsì gbá a. Ojú ọ̀tún rẹ ni yóò máa ṣáájú.”

“Papa, es ist vorbei,” ni Adéọpẹ́ fèsì, pé ó ti parí.

“Mo ti gbọ́. Wọ bàtà rẹ.”

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, òjò ni o, yìnyín ni o, Bàbá ń ju bọ́ọ̀lù fún un pẹ̀lú èjìká tó ń ro wọ́n. Fún oṣù púpọ̀, afẹ́fẹ́ ni ọmọ náà ń gbá. Ó bínú, ó sunkún, ó ju igi nù. Bàbá á he é, wọ́n á tún fi lé e lọ́wọ́. “Nínú eré yìí, ẹni tó kùnà lẹ́ẹ̀meje nínú mẹ́wàá, ọ̀gá ni,” ni wọ́n máa ń wí. “Àwa ò tíì kùnà tó.”

Ní 2006, ẹgbẹ́ mìíràn ní Hamburg dán an wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dìde láti gbá, ọwọ́ òfo ló bá padà. Nígbà kẹrin, bọ́ọ̀lù fò kọjá ọgbà! Gbogbo èèyàn ń pariwo, Bàbá ṣí fìlà, wọ́n jókòó sórí koríko, wọ́n ní, “Olúwa, ẹ ṣeun.” Ní sáà 2007, nínú ìgbà mẹ́wàá, Adéọpẹ́ ń gbá a dáadáa ní bíi mẹ́rin. Òun ló gba ipò kìíní ní gbogbo líìgì náà.

Àìsàn ọkàn mú Bàbá ní 2008. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 2009, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ Mama.

Wọ́n fi aya sáyé lọ, Ìyáàfin Ìbíwùmí. Àwọn ọmọ, Phoebe àti Adéọpẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ, Shalom, Ayọ̀níkẹ́ àti Ọpẹ́mipọ̀. Àti àbúrò wọn obìnrin ní Ìlaró. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó yá wa ní irú bàbá báyìí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa dárò. Ẹ ò ní fi irú rẹ̀ gbà á.

Àlàní, ọmọ kò ṣáájú yín lọ. Kí ilẹ̀ dẹ̀ fún yín. Ẹ sùn re, Bàbá wa.