Ẹ̀gbọ́n Mi, Ẹ Se Ẹyin Yẹn Kó Jinná

Ẹ̀gbọ́n mi Sèínábù,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín ní Libreville, mo kí oyún inú yín. Ẹsẹ̀ Bàbá ti fúyẹ́, iṣu wa sì tà dáadáa lọ́jà Tchamba.

Ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń kọ ebè bí èmi Mùízù ní Kambolé. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo lọ kọ ebè fún bàbá Kàrímọ́tù, àfẹ́sọ́nà mi, mo fọ́ ẹyin awó sẹ́nu láìsè, kí agbára lè pọ̀ sí i. Mi ò tíì kọ ebè dé ìdajì oko tí inú fi lé mi wọgbó.

Kàrímọ́tù ní, "Alágbára, ṣé inú igbó yẹn náà lo ti ń kọ ebè ni?"

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi ní Tchamba sọ pé àìsàn lè wà nínú ẹyin tí a ò sè. Mo ní, "Agbára ẹ̀ ńkọ́?" Ó ní oúnjẹ tí ara ń rí gbà lára èyí tó jinná pọ̀ ju ti tútù lọ. Mo bi í nípa aláboyún. Ojú ẹ̀ yí padà, ó ní àìsàn náà lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá.

Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ ní àràárọ̀ lẹ ń mu ẹyin láìsè nítorí ọmọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sè é kí pupa inú ẹ̀ le.

Ọlọ́run á sọ̀ yín láyọ̀. Ẹ fi vocal, ohùn yín, ránṣẹ́ sórí fóònù mi lọ́la. Mo fẹ́ gbọ́ bí ẹ ṣe ń jẹ ẹyin tó jinná lẹ́nu.

Àbúrò yín, Mùízù