Ìdí Tí A Kò Fi Ra Bọ́ọ̀sì Funfun Náà

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ bá mi kí ìyáálé yín àti àwọn àbúrò mi. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń ro yín ti fúyẹ́? Ọyẹ́ ti mú níbí. Ètè Ràfíù ọmọ mi ti bó, òróró ni mo ń fi pa á láàárọ̀ lálẹ́.

Màmá, mo gbọ́ pé àwọn kan ti wá sọ fún yín l'Ọ́yọ̀ọ́ pé èmi ni mo dí ọkọ mi lọ́wọ́ nígbà tó fẹ́ ra mọ́tò. Òótọ́ ni o, èmi náà ni. Ìta gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́, ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn.

Ẹ mọ̀ pé mọ́tò onímọ́tò ni Bàbá Ràfíù fi ń kó àwọn àgbẹ̀ Ìrẹsà àti iṣu wọn. Lẹ́yìn Iléyá, ẹni tó ni ín gbà á padà. Látìgbà náà, ọkùnrin tó máa ń pariwo kó tó wọlé kò sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi náà kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, àfi ìyá onítẹ̀bọmi tó wà ní yàrá kejì, tó máa ń bá mi gbé ọmọ bí mo bá ń ránṣọ.

Nígbà tí a kó àjọ, ọkọ mi rí bọ́ọ̀sì funfun kan. Ó ń dán bí àwo tuntun, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún jẹ́jẹ́. Ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ lára.

Èmi kò mọ mọ́tò. Ìwé mẹ́wàá tí mo kà, wọn kò kọ́ wa ní bíréèkì níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Súlè, wọlé láti ojú títì, tí ẹ fi gèlè yín bò ó lójú. Mọ́tò ọjọ́ náà pàápàá dán.

Mo wá ní kí ọkùnrin tó ń tà á fi gbé wa dé ìsàlẹ̀ òkè kó sì gbé wa padà, ṣùgbọ́n kí ìyàwó rẹ̀ bá wa lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ìyàwó òun ni mo fẹ́ rà ni àbí mọ́tò? Mo ní mọ́tò ni, ẹni tí màá máa bá tàkúrọ̀sọ lọ́nà ni mo ń wá.

Obìnrin náà jáde, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun ní ọbẹ̀ lórí iná. Mo ní a óò dúró. Ó ní ara ọmọ òun ń gbóná. Mo fọwọ́ kan ọmọ náà, ara rẹ̀ kò gbóná rárá. Ni ọkọ rẹ̀ bá jágbe mọ́ ọn pé kó wọ mọ́tò jàre. Màmá, ó tú ọmọ náà sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e fún ìyá ọkọ rẹ̀, kó tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

Mo ní kó má wulẹ̀ wọ̀ ọ́ mọ́. Ohun yòówù tó bá ń ṣe mọ́tò yẹn, obìnrin yẹn mọ̀ ọ́n.

Ọkọ mi kò jẹ oúnjẹ mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní mo dójú ti òun. Ó ní bó bá jẹ́ ohun tí kì í bàjẹ́ ni mo ń wá, kí n kúkú ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún òun.

Eléyìí tí a wá rà burẹ́wà. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́. Àmọ́ nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbẹ̀ tó ni ín, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ọmọ wọn ló kún inú rẹ̀, oko ni wọ́n ti ń bọ̀. Ńṣe la bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kí mẹkáníìkì wa tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyàwó náà fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í tètè jí nígbà ọyẹ́.

N kò sọ pé kò lè bàjẹ́ lọ́nà o. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, Bàbá Ràfíù yóò fi kó èrò wá s'Ọ́yọ̀ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sì ti sọ fún un pé mo ń bá a bọ̀.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Kò ní jẹ́ kí ẹ tún fi gèlè bo ojú ọmọ mọ́. Ẹ kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Lẹ́yìn ìrun, bí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń ké bí ewúrẹ́ lójú títì, ẹ jáde wá wò wá. Ràfíù á wà lẹ́yìn mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Sàlámátù