Iṣẹ́ Omi tàbí Iṣẹ́ Rìmóòtù

Ràhímátù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ bèèrè bóyá o ń jẹun kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí náà, ṣé o ń jẹun? Àwa náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì máa ń dùn mí tí òjò bá ṣú. Ìyá rẹ ní òun ti fi ẹja yíyan sílẹ̀ nítorí èéfín tí ó ń wọ òun lójú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń yan án nígbà tí ó bá rò pé mo ti sùn, bí ẹni pé ẹja kì í ta sánsán. Ọlọ́run tí ó gbé ọ kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé ọ sínú ọkọ̀ orí ilẹ̀ kò ní jẹ́ kí o bá èyíkéyìí nínú méjèèjì rì. Àmín.

Ọ̀rọ̀ tí o fi sínú fóònù Àrìnpé tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àlàmísì tó kọjá lọ́hùn-ún. O mọ Àrìnpé, obìnrin tí ń ta epo bẹntiróòlù tí ó sì ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí fóònù gbogbo Awoye lábẹ́ òrùlé kan náà. Ó ránṣẹ́ pè wá, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ohùn rẹ sì jáde. O ní ẹ káàárọ̀, ìyá rẹ ní káàárọ̀ ọmọ mi, ṣé o jí dáadáa, ṣùgbọ́n o kò dúró, ò ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ. Inú bí ìyá rẹ. Ó ní láti ìgbà tí o ti dé Ìbàdàn, o kì í jẹ́ kí àgbà parí ọ̀rọ̀ mọ́. Àrìnpé ló wá là á yé wa pé o ti sọ ọ̀rọ̀ náà tipẹ́, wọ́n kàn tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ ni. Ó yé mi kíá. Bí a ṣe ń yan ẹja kí ó lè pẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yan ohùn.

Wọ́n ní kí èmi náà fèsì. Àrìnpé ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ ojú fóònù mọ́lẹ̀, kí n má gbé e kúrò títí màá fi sọ̀rọ̀ tán. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé, mo wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àtàǹpàkò mi rẹ̀, mo sì gbé e sókè kí ó sinmi díẹ̀. Àrìnpé ní ó ti lọ. Mo ní kí ni ó lọ? Ó ní àdúrà náà, pé ibi tí mo ti sọ pé Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o, ibẹ̀ ló gé sí. Tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ, ìyókù rẹ̀ nìyí: kò ní jẹ́ kí o ṣìnà. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyẹn. Àrìnpé ní òun lè ya lẹ́tà náà ní fọ́tò kí ó dé Ìbàdàn lónìí, mo ní kí ni yóò wá kù sí ọwọ́ mi, ó ní lẹ́tà náà ni. Lẹ́tà tí ó ti lọ tí ó sì tún jókòó sílẹ̀, n kò lè fi ọ̀rọ̀ ọmọ mi sínú irú rẹ̀. Dírẹ́bà mọ́tò ni mo fi rán.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tí o bá wa sọ. O ní o ti rí ọ́fà. Èmi rò pé ìlú Ọ̀fà ni, mo sì ń bi ara mi pé ta la ní lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ tilẹ̀ ti ń bèèrè iye mọ́tò tí ó máa wọ̀ kí ó tó débẹ̀. Àrìnpé ní rárá, ọ́fà ni pé àwọn kan fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́, wọ́n sì ti kọ iye tí wọ́n máa san, pé ó tó ìlọ́po méjì ti ibi tí o wà. O ní o kò tíì pé oṣù mẹ́rin níbi tí o wà yìí, o ṣì wà lórí próbésọ̀n. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí wọ́n fi sórí próbésọ̀n ni ọkùnrin tí ó jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ gbé láyé ọjọ́un, tí adájọ́ ní kí ó máa wá fojú hàn ní gbogbo ọjọ́ Àtìní. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ méjì fún ọ kí Àrìnpé tó rántí sọ fún mi pé ìwà rẹ ni wọ́n kàn ń wò. Kí wọ́n máa wò ó. Èmi tí mo ti wò ó fún ọdún mẹ́rìnlélógún lè jẹ́rìí sí i.

O tún ní iṣẹ́ tuntun náà, rìmóòtù ni, pé inú yàrá rẹ ni o ti máa dá àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ lóhùn. Rìmóòtù tí èmi mọ̀ ni ti tẹlifíṣọ̀n. Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà pé ta ni rìmóòtù yìí máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ìwọ ni àbí ọ̀gá rẹ? Tí ó bá jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n á máa tẹ̀, jọ̀wọ́ bi wọ́n bóyá ó ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á tí ilẹ̀ bá ṣú.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ò ń ṣe lọ́wọ́ yìí yé mi dáadáa. Wọ́n ń gbé omi wá sínú ìgò, ìwọ sì ń wò ó bóyá ó ṣe é mu. Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún méje, tí o bá jí, kí o tó bọ́jú, wàá sọ̀ kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn ilé wa tí ó wà lórí omi, wàá ti ìka bọ omi, wàá tọ́ ọ wò, wàá sì kígbe sókè pé òkun ti wọlé lónìí, tàbí pé odò ló wà níbí. A kọ́kọ́ ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, o ní kí ìyá rẹ má fi omi náà rẹ ẹ̀gẹ́ tí ó fẹ́ fi ṣe pùpùrù, pé iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Kò gbọ́. Pùpùrù náà kò ṣe é jẹ fún ẹnikẹ́ni, àwọn adìyẹ pàápàá yẹra fún un. Láti ọjọ́ náà ni ó ti máa ń bi ọ́ léèrè kí ó tó bu omi. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń sanwó fún ọ lórí ohun kan náà ní Ìbàdàn, mo rìn káàkiri Awoye sọ fún ènìyàn, mo sì sọ fún àwọn ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. Kí n tó fẹ́ ìyá rẹ, Bàbá Ọlálẹ́yẹ gbà mí sínú ọkọ̀ wọn. Àwa mẹ́fà la máa ń lọ sókun, ìdí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sì fi èmi sí. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fi àwọ̀ omi mọ ibi tí ẹja ṣawá gbé kó jọ, àti bí a ṣe ń gbọ́ òórùn òjò kí ó tó ṣú. Ayé ìgbà yẹn, etíkun jìnnà sí ilé débi pé a máa ń sọ àwọ̀n kalẹ̀ sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà kí a tó débẹ̀. Abẹ́ àgbọn la ti ń sinmi. Bàbá Ọlálẹ́yẹ á bẹ́ àgbọn kan, yóò lọ yí gbogbo wa ká, Bàbá fúnra wọn á mu èyí tó kù nísàlẹ̀. Tí mo bá sọ fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí pé ibi tí wọ́n ti ń ju àwọ̀n sómi yẹn, abẹ́ àgbọn ni nígbà kan, wọ́n á máa wò mí bí arúgbó tí ó ń ṣarán.

N kò tíì pé oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ọkùnrin kan tí ó dé akoto dé, ó ní àwọn tí ń bá elépo ṣiṣẹ́ ń wá ẹni tí ó mọ ẹ́ńjìnnì, láti máa fi sípíídì-bóòtù gbé òṣìṣẹ́. Owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta. Mo ti ní mo gbà kí ó tó dákẹ́. N kò sọ fún Bàbá Ọlálẹ́yẹ. Kì í ṣe pé mo gbàgbé, ojú ló ń tì mí, mo sì rò pé tí n kò bá rí ojú wọn, ìtìjú náà á dín kù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ẹ̀wù pupa tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, a gba iwájú etíkun wa kọjá, mo sì rí àwọn márààrún tí wọ́n jókòó ti ọkọ̀. Èmi ni wọ́n ń dúró dè. Bàbá Ọlálẹ́yẹ fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, wọ́n ń wo ọ̀nà ilé wa. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú bóòtù bí ẹni tí ń tún nǹkan ṣe, n kò gbé orí sókè títí a fi kọjá.

Owó náà dáa, n kò ní purọ́ fún ọ. Òun ni mo fi fẹ́ ìyá rẹ, òun ni mo fi ra pákó ilé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún méjì, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n kó wa jọ, wọ́n ní iṣẹ́ ti parí, wọ́n sì gba ẹ̀wù pupa lọ́wọ́ wa. Mo jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ọlálẹ́yẹ. Wọ́n ní Ọlọ́rundáre ló wà ní ìdí ẹ́ńjìnnì báyìí, kì í sì í ṣe ẹja tí a lè fà jù sílẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé ní ọjọ́ tí mo lọ yẹn, ṣé mo mọ̀ pé àwọn rò pé ibà ló mú mi, pé àwọn dúró títí omi fi fà, tí àwọn sì ní kí ìyàwó àwọn gbé ògì gbígbóná lọ sílé wa. Wọ́n ní tí mo bá ti sọ fún àwọn ni, àwọn ìbá sìn mí dé etí omi. Wọn kò pariwo, wọn kò sì bú mi. Wọ́n fún mi ní àwọ̀n kí n máa tún un ṣe, mo sì jókòó ti àwọ̀n náà fún odindi ọdún kan kí Ọlọ́rundáre tó ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ibojì wọn ti wà nínú òkun báyìí. Tí mo bá dé ọ̀gangan ibẹ̀, mo máa ń dín ẹ́ńjìnnì kù.

Ó wá ku ìparí ọ̀rọ̀ rẹ. O ní tí o bá gba iṣẹ́ tuntun yìí, o lè háyà ilé fún wa ní Igbókòdá, nítorí o gbọ́ pé òkun ti gba ilé ìdáná wa. Ìyá rẹ sunkún. Èmi kò sunkún, mo kàn lọ wo ọkọ̀ mi.

Ràhímátù, ilé wa kò sí ní Awoye mọ́. Ní ọjọ́ kejì tí a gbọ́ ohùn rẹ, mo gun òrùlé, Ọlọ́rundáre mú òòlù wá, òun náà ti darúgbó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. A tú páànù, a tú pákó lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá rẹ sì ń fi èédú kọ nọ́ńbà sí wọn kí a lè mọ bí a ó ṣe tò wọ́n padà. Nọ́ńbà tí ó mọ̀ kò ju mẹ́wàá lọ, nítorí náà ó ń ya ẹja sí èyí tó kù: ẹja kan, ẹja méjì, títí dé ibi tí ẹja kò gbà mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọkọ̀ lọ tí ó bọ̀. Ilé náà ti dúró ní Ugbonla báyìí, lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, lápá odò tí ó jìnnà sí òkun. Ilé ìdáná ẹlòmíràn ni ilẹ̀kùn wa kọjú sí. Tí mo bá jí, mo máa ń tẹ́tí kí n gbọ́ ìgbì, n kì í gbọ́ nǹkan kan, ọkàn mi á sì rìn lọ sí Awoye kí ó tó padà wá kírun. Pákó tí o gé ihò sí lábẹ́ ẹní rẹ, tí o fi ń ju ìwọ̀ sómi tí a bá ní kí o sùn, mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ìyá rẹ kò gbà. Ó wà ní yàrá rẹ. Ẹrọ̀fọ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ báyìí, akàn nìkan ni o lè rí fà.

Nítorí náà, má ka ilé wa mọ́ ohun tí ò ń rò. A ti gbé e kúrò níbẹ̀. N kò ní kí o má lọ. Ìyá rẹ ní kí o gba iṣẹ́ tuntun, pé iṣẹ́ tí a ń ṣe nínú yàrá, òjò kì í pa ẹni níbẹ̀. Èmi ní ti omi. A jiyàn lórí rẹ̀ títí ọbẹ̀ fi tutù, a wá rántí pé ìwọ lo máa jí lọ síbẹ̀ láràárọ̀, kì í ṣe àwa. Bí o bá máa lọ, lọ bá obìnrin tí ó gbà ọ́ síṣẹ́ omi tí ò ń ṣe yìí, kí o rí ojú rẹ̀, kí òun náà rí tìrẹ, kí o sọ ọ́ fún un kí ó tó máa dúró dè ọ́. Má fi fóònù sọ ọ́.

Ìṣó kò tó wa, páànù méjì sì jò nígbà tí a tún un kàn, tí o bá rí owó díẹ̀ fi ránṣẹ́, a ó dúpẹ́, tí kò bá sì sí, a ó máa gbé àwo sábẹ́ rẹ̀. Jígí ojú ìyá rẹ ti fọ́. Mo sì fi ìgò kan rán dírẹ́bà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, omi kànga ilé tuntun wa ni. Bá wa wò ó níbi iṣẹ́ rẹ bóyá ó ṣe é mu. Tí o bá sì máa fi ibẹ̀ sílẹ̀, kọ́kọ́ wò ó ná, nítorí n kò mọ ẹlòmíràn tí mo lè gbé e fún.

Ibi tí wọ́n bá ti mọ iyì rẹ ni Ọlọ́run yóò fi ọ́ sí. Iṣẹ́ tí o bá yàn kò ní di èyí tí wàá máa sá fún ojú ènìyàn nítorí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n, ìgò kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àmín, àmín, àmín. Ìyá rẹ ní kí n fi àmín kan tirẹ̀ kún un.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sùlèímánì.