Àwọ̀ Kan fún Oṣù Kọ̀ọ̀kan

Sọ́ńdè, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà 2006

A ti kó dé Mowe tán, ìjà àkọ́kọ́ nínú ilé tuntun sì ti dé. Olúgbádé, ọkọ mi, fẹ́ da símẹ́ǹtì sí gbogbo iwájú ilé, láti gééẹ̀tì dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní ejò. Ó ní ẹrẹ̀. Èmi ní òdòdó. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Múṣin, inú agolo mílíìkì sì ni òdòdó kan tí mo ní wà, lójú fèrèsé. Ẹni tó bá fẹ́ da símẹ́ǹtì sórí ilẹ̀ tí mo fi ọdún mẹ́fà gbàdúrà fún, kó kọ́kọ́ dà á lé mi lórí.

A fẹnu kò síbì kan. Ìyá rẹ̀, Màmá Ọ̀fàdà, ń bọ̀ wá wo ilé lẹ́yìn ìkórè ìrẹsì, Sátidé 18 Nòfẹ́ńbà. Bí Màmá bá bá òdòdó níwájú ilé, tí wọ́n sì ní ó dáa, ilẹ̀ di tèmi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, símẹ́ǹtì. Láti òní lọ, Ọ̀gá Símẹ́ǹtì lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé yìí.

Túsìdeè, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

Nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ni mo ti ya iwájú ilé sórí bébà. Òfin kan: kò gbọdọ̀ sí oṣù tí kò ní àwọ̀. Pánṣẹ́kẹ́ pupa ní igun, ti Épírì. Àlùbọ́sà igbó tó máa ń yọ orí pupa jáde bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ti Máàṣì. Ixora lẹ́bàá fáráńdà — òun kì í sinmi. Bógànfílíà lórí fẹ́ǹsì nígbà ọyẹ́, àwọ̀ àlùkò. Nòfẹ́ńbà nìkan ló ṣófo. Nòfẹ́ńbà tí mo nílò jù!

Sátidé, 9 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo lọ bá àwọn tó ń ta òdòdó létí títì ní Asese. Mo ra bógànfílíà — igi gbígbẹ àti ẹ̀gún lásán. Ẹni tó tà á ní, "Mummy, ẹ má bu omi fún un jù o. Òùngbẹ ló ń jẹ́ kó tanná." Òdòdó náà ní ìwà tiẹ̀. Mo ní ṣé á tanná kí Nòfẹ́ńbà tó dé? Ó wojú ọ̀run. "Tí Ọlọ́run bá fẹ́." Ìyẹn ni pé rárá.

Sọ́ńdè, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọlọ́run ò sùn! Alhaja Sùwéébátù, aládùúgbò wa, pè mí lójú fẹ́ǹsì, wọ́n da èso dúdú rodorodo sí mi lọ́wọ́. Tannáposó. Ewúrẹ́ ti jẹ tiwọn tán, èso ló kù. Wọ́n di ti pupa, ti yẹ́lò àti ti funfun sínú bébà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Oṣù méjì péré, ẹ ò ní ríbi tẹ ẹsẹ̀ sí fún òdòdó." Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún lọ́mọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti gbìn ín: pupa lẹ́yìn, yẹ́lò láàárín, funfun níwájú. Ètò ni gbogbo nǹkan.

Mọ́ńdè, 18 Sẹ̀tẹ́ńbà

Wọ́n ti hù!!!

Sátidé, 7 Ọ̀kítóbà

Típà da yanrìn sẹ́nu gééẹ̀tì. Ọ̀gá Símẹ́ǹtì ní òun kàn ń múra sílẹ̀ ni. Mo ní kò burú. Mo tu koríko títí ẹ̀yìn fi ń ro mí.

Mọ́ńdè, 13 Nòfẹ́ńbà

Mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú, òórùn dídùn kan pàdé mi ní gééẹ̀tì. Mo rò pé pọfúmù ẹnì kan ni. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Òdòdó! Mo pariwo. Káyọ̀ ọmọ mi sáré jáde, ó rò pé ejò ni.

Tọ́sìdeè, 16 Nòfẹ́ńbà

Gbogbo rẹ̀ ti tanná. Pupa ti yọ láàárín yẹ́lò, òmíràn tilẹ̀ ní àwọ̀ méjèèjì lójú kan náà. Ètò mi fọ́ yángá, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Ọ̀gá Símẹ́ǹtì ti Èkó dé, ó dúró sẹ́nu gééẹ̀tì tòun ti báàgì lọ́wọ́. Ó wọlé lọ jẹun. Mo ti borí. Mo ti borí!

Fúráìdè, 17 Nòfẹ́ńbà

Mo gbé o.

Alhaja ló bi mí pé ìgbà wo ni ìyá ọkọ mi ń bọ̀. Mo ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, wọ́n á sì padà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di fẹ́ǹsì mú. "Ìyá Káyọ̀, tannáposó wo lẹ rí tó ń là láàárọ̀? Bó bá ku díẹ̀ kí n kírun Alásárì ló ń jí. Láti Mọ́ńdè ni mo ti ń fi tiyín wo àkókò. Tí oòrùn bá ti mú, ó ti padà sùn nìyẹn."

Mi ò mọ̀! Mò ń jáde kí àkùkọ tó kọ, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń wọlé. Èmi tí mo ṣètò òdòdó oṣù méjìlá, mi ò ṣètò ọjọ́ kan péré.

Sátidé, 18 Nòfẹ́ńbà

Màmá tètè dé. Gbogbo òdòdó ti rún wómúwómú. Wọ́n wò ó yíká, àánú mi ṣe wọ́n. "Adéyẹ́misí, ilá yín yìí ò ṣe dáadáa." Ọ̀gá Símẹ́ǹtì bú sẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo ní òdòdó ni, Màmá, wọ́n ń sùn ni. Màmá ní kí ló ń sùn dọ́sàn-án tí kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ọgbọ́n kan ló kù. Ìrẹsì ọ̀fàdà tí wọ́n gbé wá — mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta inú ẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìyá ọkọ tó máa bá ìyàwó wí pé ó ń ṣa ìrẹsì jù. Ọ̀gá Símẹ́ǹtì fura, ó ní òun á bá mi ṣà á. Mo ní ó tì o, ẹ lọ jókòó ti Màmá. Ìgbà tí oúnjẹ jinná, ọ̀sán ti pọ́n kọjá. Màmá jẹun yó, oorun gbé wọn lọ lórí àga. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ṣùgbọ́n wọ́n jí, wọ́n wé gèlè, wọ́n ní ilé yá. Ọkọ mi gbé báàgì wọn ṣíwájú. Ó dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró. Mo rò pé ó gbàgbé nǹkan.

Pupa kan ti là lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà yẹ́lò. O ò ní rí i bó ṣe ń là, ṣùgbọ́n tí o bá mójú kúrò, tí o tún wò, òmíràn ti là. Lódìkejì fẹ́ǹsì, Alhaja ń ṣe àlùwàlá. Màmá bọ́ sáàárín òdòdó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbóòórùn ọ̀kan, wọ́n sì tú gèlè wọn. "Ó dáa. Ó dáa gan-an ni. Gbádé, gbé àga wá fún mi, mi ò lọ mọ́ lónìí."

Ọkọ mi ò gbé àga. Ó ṣì dúró síbẹ̀ tòun ti báàgì. Ó ní, "Ṣé bí ilé wa ṣe máa ń rí ní aago mẹ́rin nìyí?"

Mo ní èmi náà ò rí i rí. Láti ìgbà tí a ti kó dé, Èkó la máa ń wà ní aago mẹ́rin. Ní òpin ọ̀sẹ̀, a ó ti jẹun ọ̀sán, a ó ti sùn. A dúró pọ̀, à ń wò ó, omi sì bọ́ lójú mi nítorí ayọ̀.

Nígbà tó yá, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó wo apá ibi tí ilẹ̀ ṣì ṣófo. "Ti Jánúárì ńkọ́? Àwọ̀ wo la máa gbìn fún Jánúárì?"